Valdís Óskarsdóttir: obìnrin Íslándì tó gé àwọn fíìmù tí ayé ń sọ, tí ayé kò sì mọ orúkọ rẹ̀

Ọ̀nà jíjìn ni ìtàn tòní ti wá. Ó wá láti Íslándì, erékùṣù olótùútù kan ní ìhà àríwá ayé, tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò pé 400,000. Ìtàn obìnrin kan ni, Valdís Óskarsdóttir. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí yàn láàyò ni kí ó máa gé fíìmù, iṣẹ́ tí àwa tí a wà ní ìhà ibí mọ̀ sí mọ́ńtáàjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí fíìmù bá parí, tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ògiri, ta ló máa ń jókòó kà á? Gbogbo wa la ti dìde, a ti ń wá bàtà wa. A mọ orúkọ òṣèré, a lè mọ orúkọ olùdarí, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn tó jókòó sínú yàrá fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó wo gbogbo ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀, tó pinnu èyí tí a máa rí àti èyí tí a kò ní rí láéláé. Ẹni yẹn ni olùgé fíìmù. Tí a bá ń sọ pé ẹni báyìí ló ni fíìmù báyìí, ó yẹ kí a bèèrè bóyá a ti ka gbogbo àwọn tó ni ín tán.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Fíìmù jẹ́ àwòrán tó ń sáré. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú wa. Fíìmù tó gùn tó wákàtí kan àtààbọ̀ ní àwòrán tó lé ní 129,000 nínú. Àmọ́ ohun tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ń ṣe eré náà máa ń pọ̀ ju èyí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí pé wọ́n lè ṣe ìran kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí kámẹ́rà sì dúró sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà àtijọ́, ọ̀já fíìmù ni olùgé máa ń fi abẹ gé lórí tábìlì, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lónìí orí kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta náà ni kò yí padà: èwo la máa mú? Èwo ló máa ṣáájú, èwo ló máa tẹ̀ lé e? Ìgbà wo la máa kúrò lórí rẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ló ń sọ ìtàn. Ẹni tó bá ti gé fídíò ìnáwó rí mọ̀ pé ó lè mú kí ìyàwó dà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ó sì lè mú kí ó dà bí ẹni tí wọ́n fi agídí mú wá, pẹ̀lú àwòrán kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ díẹ̀. Ní Íslándì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní orúkọ ìdílé bí àwọn Faransé ṣe ní in. Óskarsdóttir túmọ̀ sí ọmọbìnrin Óskar. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, òun náà ni wọ́n máa ń fi pe ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń to orúkọ sínú ìwé tẹlifóònù wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà tí a bá pè é ní Valdís nínú ìtàn yìí, kì í ṣe àfojúdi, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pè é la ṣe pè é.

Ilẹ̀ Íslándì wà lábẹ́ ọba Dẹ́nmárkì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 1918 ni wọ́n tó ka Íslándì sí orílẹ̀-èdè tó dá dúró lábẹ́ ọba kan náà, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n sì di olómìnira tí kò ní ọba mọ́. Síbẹ̀ wọn kò sọ èdè wọn nù. Àwọn ìtàn tí àwọn baba ńlá wọn kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ wọn ṣì lè kà á lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ń jẹ owó, ìlú kékeré kò sì ní owó púpọ̀. Ọdún 1966 ni tẹlifíṣọ̀n ti orílẹ̀-èdè wọn tó bẹ̀rẹ̀, títí di ọdún 1987, kò sí ètò kankan lórí rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ìjọba dá àpò owó fíìmù sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹnuure. Fíìmù Land og synir, tí Ágúst Guðmundsson darí ní 1980, ni àwọn ará Íslándì sábà máa ń tọ́ka sí bí ìbẹ̀rẹ̀ àkókò tuntun náà.

Inú ìran yìí ni Valdís ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fíìmù dáadáa nígbà náà ní láti kọjá òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba ọ̀nà Dẹ́nmárkì lọ, nítorí pé èdè Dẹ́nmárkì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé. Àwa tí a ń sọ èdè kan nílé, tí a ń fi òmíràn kàwé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba Dẹ́nmárkì ní Copenhagen ni Valdís ti kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe ọmọdé nígbà tó ń kọ́ ọ. Nígbà tí fíìmù tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà jáde ní 1998, ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Olùdarí fíìmù náà, Thomas Vinterberg, kò tíì pé ọgbọ̀n.

Orúkọ fíìmù náà ni Festen, èyí tó túmọ̀ sí àjọ̀dún tàbí ayẹyẹ. Kí a tó lè lóye iṣẹ́ tí Valdís ṣe níbẹ̀, a ní láti mọ òfin tí wọ́n fi de fíìmù náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1995, Lars von Trier àti Thomas Vinterberg kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀ ní Copenhagen, wọ́n pè é ní Dogme 95. Wọ́n ní fíìmù ti di ìtànjẹ, ohun ọ̀ṣọ́ ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù lábẹ́ òfin wọn gbọ́dọ̀ ya á ní ibi gidi, kì í ṣe ilé tí wọ́n fi pákó kọ́ fún eré. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbé kámẹ́rà. Iná àfikún kò sí. Kò gbọdọ̀ sí orin àyàfi tí ẹnì kan bá ń kọ ọ́ tàbí tí ó bá ń dún níbi tí wọ́n ti ń ya eré. Ohùn àti àwòrán kò gbọdọ̀ yà. Ìtàn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, kò sí pé a ń padà sí àtijọ́. Òfin tó kẹ́yìn ni pé wọn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ olùdarí sínú fíìmù náà.

Gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òfin yìí ṣe fún olùdarí àti òṣèré. Àwọn tó sọ ohun tó ṣe fún olùgé fíìmù kò pọ̀. Ẹ wò ó: nínú fíìmù mìíràn, tí olùgé bá so àwòrán méjì pọ̀ tí ojú ìsopọ̀ náà kò dán, ó lè fi orin bò ó, ó lè fi ìró òjò bò ó, ó lè mú ohùn láti ibòmíràn wá. Nínú Dogme, kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Bó bá gé àwòrán, ó ti gé ohùn mọ́ ọn nìyẹn. Ó dà bíi kí wọ́n sọ fún aránṣọ pé ojú ìrán gbọ́dọ̀ wà níta, kí gbogbo ènìyàn máa wò ó. Olùgé tí kò mọṣẹ́ yóò tẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìtàn inú Festen wúwo. Bàbá kan, Helge, ń ṣe ọjọ́-ìbí ọgọ́ta ọdún ní ilé-ìtura tirẹ̀. Mọ̀lẹ́bí pé jọ, àwọn ọ̀rẹ́ wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ti gbẹ̀mí ara rẹ̀ láìpẹ́. Ìbejì ọmọbìnrin náà, Christian, dìde láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò. Ó mú ìwé méjì lọ́wọ́, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ òféèfèé, ó ní kí bàbá yan ọ̀kan. Bàbá yan. Christian sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà jáde: ó ní bàbá yìí ń bá òun àti ìbejì òun ṣèṣekúṣe nígbà tí àwọn wà ní kékeré. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Kò sí ariwo. Àwọn àlejò wo ara wọn, wọ́n sì ń jẹun lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ Valdís ti hàn. Òfin ti sọ pé a kò gbọdọ̀ padà sí àtijọ́, nítorí náà fíìmù náà kò lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ hàn wá. Ẹnu Christian nìkan la ó fi gbọ́ ọ. Kí ló wá kù fún ẹni tó ń gé fíìmù? Ojú ló kù. Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú bàbá, ojú ìyá tó mọ̀ tó sì dákẹ́, ojú àlejò tó ń wá ibi tí yóò gbé ojú rẹ̀ sí, ojú ọmọ tó kù. Valdís lọ láti ojú kan sí òmíràn, kò jẹ́ kí a sinmi, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó dúró lórí ojú kan pẹ́ ju bí ó ṣe tù wá lára lọ. Àwa tí à ń wò ó di ara àwọn tó jókòó sí tábìlì, a di ẹlẹ́rìí, ìbéèrè sì dé bá wa: ká ní àwa la wà níbẹ̀, ṣé a máa sọ̀rọ̀, àbí a máa bu ọbẹ̀ sí i? Ilé wo ni kò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kí wọ́n ní kí ọmọ dákẹ́ kí orúkọ ìdílé má baà bàjẹ́?

Wọ́n gbé fíìmù náà lọ sí Cannes ní Faransé ní 1998, ó sì gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́. Òun ni Dogme àkọ́kọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Søren Kragh-Jacobsen ṣe Mifune, Dogme kẹta, fíìmù náà sì gba béárì fàdákà ní Berlin ní Jámánì. Ta ló gé e? Valdís ni. Ní ọdún kan náà, Harmony Korine, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe julien donkey-boy, Dogme kẹfà, èyí tó kọ́kọ́ jáde láti Amẹ́ríkà. Ta ló gé e? Valdís náà ni. Nínú Dogme mẹ́fà àkọ́kọ́, mẹ́ta ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun tó yani lẹ́nu nìyí. Òfin sọ pé kí wọ́n má kọ orúkọ olùdarí. Ṣùgbọ́n lónìí, tí ẹ bá bèèrè Dogme lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa fíìmù, orúkọ àwọn olùdarí ni yóò kọ́kọ́ kà fún yín. Olùdarí tí wọ́n ní kí a má kọ orúkọ rẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Olùgé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n. Òfin nìkan kò lè yí ojú tí ayé fi ń wo iṣẹ́ padà.

Láti ibẹ̀, Amẹ́ríkà ránṣẹ́ pè é. Ní 2000 ó gé Finding Forrester fún Gus Van Sant, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní New York tó mọ ìwé kọ, àti àgbà òǹkọ̀wé kan tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, èyí tí Sean Connery ṣe. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ jùlọ dé, Eternal Sunshine of the Spotless Mind, tó jáde ní 2004. Michel Gondry, ọmọ Faransé, ló darí rẹ̀. Charlie Kaufman ló kọ ọ́. Jim Carrey àti Kate Winslet ló ṣe eré náà.

Ọkùnrin kan, Joel, gbọ́ pé obìnrin tí òun fẹ́ràn, Clementine, ti lọ sọ́dọ̀ àwọn kan kí wọ́n pa òun rẹ́ kúrò nínú ìrántí rẹ̀. Inú bí i, ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun náà. Wọ́n fi oorun kùn ún lóru, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìrántí náà rẹ́, láti orí èyí tó kẹ́yìn padà sí èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ìjà ló ń kọ́kọ́ lọ, ìfẹ́ ló ń kù. Bí Joel ṣe ń padà sẹ́yìn ló ń rántí ìdí tó fi fẹ́ràn obìnrin náà, ó wá kábàámọ̀, ó ń wá ibi tí yóò fi í pamọ́ sí nínú orí ara rẹ̀, títí kan inú ìrántí ìgbà èwe rẹ̀.

Ẹ ronú lórí ohun tí ẹni tó ń gé irú ìtàn yìí ní láti ṣe. Ìtàn ń lọ sẹ́yìn lójú oorun, ó ń lọ síwájú nínú yàrá tí ọkùnrin náà sùn sí. Bí olùgé bá ṣe é jáìjáì, ẹni tó ń wò ó yóò sọnù. Bó bá sì ṣe é kó mọ́lẹ̀ jù, kò ní jọ ìrántí mọ́, nítorí pé ìrántí kì í tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwọ̀ irun Clementine tó ń yí padà wà lára ohun tó ń tọ́ wa sọ́nà pé ìgbà wo la wà. Apá àkọ́kọ́ fíìmù náà jọ ìgbà tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé. Ẹ̀yìn la tó mọ̀ pé wọ́n ti mọra tẹ́lẹ̀ rí, wọn kò rántí ni. Ẹni tó bá wo ó lẹ́ẹ̀kejì yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ìrìn àjò obìnrin yìí. Ní 1998 ó gé fíìmù tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ fi àtijọ́ hàn. Ní 2004 ó gé fíìmù tó jẹ́ pé inú àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú méjèèjì: kí la máa ṣe sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tó ń dùn wá? Ṣé ká pa á rẹ́ ni, àbí ká sọ ọ́ síta?

Ní 2005, àwọn ará Bírítéènì fún un ní BAFTA, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù wọn tó ga jùlọ, fún gígé fíìmù náà. Ní Amẹ́ríkà, Oscar ìwé eré lọ sọ́dọ̀ Kaufman, Gondry àti Pierre Bismuth. Fún ti gígé, wọn kò tilẹ̀ dárúkọ Eternal Sunshine mọ́ àwọn márùn-ún tó ń du Oscar. Obìnrin mìíràn ló gba ẹ̀bùn náà lọ́dún yẹn, Thelma Schoonmaker, tó ti ń bá Martin Scorsese ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Láti ìgbà tí sinimá ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni obìnrin ti pọ̀ nídìí gígé fíìmù. Wọ́n kà á sí iṣẹ́ ọwọ́ lásán, bí aṣọ rírán, iṣẹ́ tó gba sùúrù tí kò sì gba ipò. Nígbà tó yá tí ayé mọ iyì iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin ya wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn obìnrin kò kúrò níbẹ̀. Anne Bauchens, tó gé fíìmù fún Cecil B. DeMille láti ọdún dé ọdún, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Oscar fún iṣẹ́ yìí, fún North West Mounted Police tó jáde ní 1940. Inú ọ̀wọ́ yẹn ni Valdís wà.

Kò dúró lójú kan lẹ́yìn BAFTA. Ó wà lára àwọn méjì tó gé Mongol (2007), fíìmù Sergei Bodrov lórí ìgbà èwe Genghis Khan, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Mòǹgólíà. Ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gé Vantage Point (2008), níbi tí wọ́n ti yìnbọn lu ààrẹ Amẹ́ríkà ní ìlú Salamanca ní Sípéènì, tí ìtàn sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ léraléra, kí a lè fi ojú ẹlòmíràn wo ohun kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó tún padà sọ́dọ̀ Vinterberg fún Submarino ní 2010. Èdè Íslándì, Dẹ́nmárkì, Gẹ̀ẹ́sì, Mòǹgólíà: ọmọ ìlú kékeré ló ń ṣe gbogbo èyí, iṣẹ́ ojú àti etí kò sì bèèrè ibi tí wọ́n ti bí i.

Ní 2008 ó padà sílé, ó sì darí fíìmù tirẹ̀, Sveitabrúðkaup, ìgbéyàwó abúlé. Ìyàwó, ọkọ àti àwọn ẹbí wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì láti Reykjavík, wọ́n ń wá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìgbèríko, wọ́n ṣìnà, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà ni àṣírí ẹbí ń tú. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wo Festen yóò mọ̀ pé ilé kan náà la wà: ayẹyẹ, mọ̀lẹ́bí, àti ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ní 2010 ó tún darí Kóngavegur.

Ọ̀nà tí Valdís là, ó ti ní ẹni tó ń rìn ín. Obìnrin Íslándì mìíràn, Elísabet Ronaldsdóttir, tó gé Mýrin fún Baltasar Kormákur nílé ní 2006, ló gé John Wick (2014), Atomic Blonde (2017) àti Bullet Train (2022). Ó wà lára àwọn tó gé Deadpool 2 (2018). Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn fíìmù ìjà ti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Bí ìjà inú John Wick ṣe ń yé ojú, tí a mọ ẹni tó lu ẹni, tí a mọ ibi tí wọ́n dúró sí, iṣẹ́ olùgé wà nínú rẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí wá fẹ́ kí a ṣe? Ìtàn tí a bá kọ ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà pé. Fíìmù kan kì í wá láti ọwọ́ ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Tí ẹ bá wo fíìmù lálẹ́ òní, ẹ má tíì dìde nígbà tí orúkọ bá ń gòkè. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ montage sí tí ó bá jẹ́ ti Faransé, tàbí editor tí ó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ka orúkọ ẹni náà sókè kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín gbọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wà tó jókòó sínú yàrá, tó yan ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀: fíìmù wo lẹ ti wò rí tí ojú ènìyàn nìkan sọ ìtàn fún yín, tí ẹnu kò sọ? A ń retí ọ̀rọ̀ yín. Ire o.